Tẹlifíṣọ̀n Ńlá Ìyá Onítọ́ọ̀ṣì

Gbogbo ọdún tí màmá mi fi ṣiṣẹ́ nílé sinimá, wọn ò rí òpin sinimá kankan. Ẹ má pè é ní àsọdùn. Wọ́n mọ bí ìtàn kọ̀ọ̀kan ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n mọ ẹni tó jalè, wọ́n mọ ìyàwó tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀ àti ọmọ tó sọnù. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi wọ́n pé ibo ló wá já sí, wọ́n á ní àwọn ti jáde nígbà yẹn.

Iṣẹ́ ló fà á. Àwọn ló máa ń dúró pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, tí wọ́n á gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ èrò, tí wọ́n á sì tan iná síwájú ẹsẹ̀ ẹni tó bá pẹ́ dé títí onítọ̀hún á fi rí àga. Tí ìtàn bá ti ń lọ, wọ́n á fara ti ògiri, wọ́n á kẹ̀yìn sí àwòrán, wọ́n á kọjú sí èrò, kí wọ́n lè rí ẹni tó fẹ́ tan sìgá, ẹni tó fẹ́ jà àti ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yí ọrùn wo àwòrán ọ̀hún, bí ọmọ tó ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò.

Tí orin bá ti yí padà, tó ku díẹ̀ kí ìtàn parí, ó di dandan kí wọ́n jáde lọ ṣí ilẹ̀kùn ńlá. Òfin ọ̀gá onísinimá ni. Nígbà kan rí, kí màmá mi tó débẹ̀, ilẹ̀kùn há, èrò rọ́ lura wọn nínú òkùnkùn, àwọn kan sì fara pa. Látìgbà náà ni ọ̀gá ti ní ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ti wà ní ṣíṣí kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Ilẹ̀kùn náà wúwo, ó ní aṣọ ìkélé tó nípọn, ó tún ní irin ìdábùú. Kí màmá mi tó ṣí i tán, kí wọ́n tó fi ìkọ́ kọ́ ọ, kí wọ́n tó tan iná sí àtẹ̀gùn, ó ti parí, èrò ti ń jáde. Òmíràn ń nu ojú, òmíràn ń rẹ́rìn-ín. Màmá mi á bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀, oníkálukú á sì sọ òpin tirẹ̀. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Mo mọ̀ pé òfin ọ̀gá yẹn dáa, síbẹ̀ mò ń bínú sí i títí dòní.

Bàbá mi, ẹni tó ti lọ sinmi báyìí, télọ̀ ni wọ́n. Tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ wọn wá síwájú ilé sinimá, wọ́n á dúró de ìyàwó wọn lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Màmá mi á jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n á máa rọ́ ìtàn náà bọ̀ lójú ọ̀nà. Tó bá kan ibi tí wọ́n ti jáde, bàbá mi á gbà á lẹ́nu wọn, wọ́n á parí rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ẹ wò ó, ẹni tí kò wo sinimá rí láyé rẹ̀ ló ń parí sinimá fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òpin kan ṣoṣo sì ni bàbá mi ní: olè jìn sí kànga. Ìbáà jẹ́ ìtàn ogun, ìbáà jẹ́ ìtàn ìfẹ́, ìbáà jẹ́ orí òkun ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, olè á ṣáà wá kànga kan jìn sí. Láti inú ilé ni mo ti máa ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì kí kẹ̀kẹ́ tó dé ẹnu ọ̀nà, ohùn kan nípọn, ohùn kan tín-ín-rín.

Bàbá mi kú. Nígbà tó yá, ilé sinimá náà kógbá sílé, wọ́n sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì sí. Ohun tí màmá mi mú bọ̀ níbẹ̀ ò ju tọ́ọ̀ṣì wọn lọ, èyí tó gùn, tí wọ́n fi irin ṣe, àti orúkọ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè wọ́n: Ìyá Onítọ́ọ̀ṣì.

Ó yẹ kí n sọ ẹni tí èmi náà jẹ́. Èmi ni àbíkẹ́yìn wọn, onídìrí ni mí, ẹnu mi sì mú. Àwọn oníbàárà mi ló sọ bẹ́ẹ̀, mi ò bá wọn jiyàn. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo ni àkọ́bí, ọ̀gá ni níbi tí wọ́n ti ń pín omi ẹ̀rọ, Ọ̀gá Olómi ni mo sì ń pè é tí kò bá sí nítòsí. Lójú rẹ̀, mo máa ń fi ọ̀wọ̀ tó yẹ ẹ̀gbọ́n fún un. Nínú ìtàn yìí, mo ti gba ìsinmi lẹ́nu ọ̀wọ̀. Tó bá dùn ún, kó kọ tirẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni màmá mi wọ ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tí mò ń fọ irun oníbàárà lọ́wọ́. Wọn ò tíì jókòó tán tí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n. Mo ní kò burú, torí èyí tó wà nílé ti gbó, ó ní ikùn lẹ́yìn, àwọ̀ ewé nìkan ló kù nínú rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá yọjú níbẹ̀ ló ń dà bí ẹni tó fẹ́ bì. Màmá mi ní mi ò gbọ́ àwọn yé. Àwọn ò wá ohun tí àwọn á fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́.

"Ògiri ni mo fẹ́ kó gbà," wọ́n wí. "Mo fẹ́ jókòó sórí àga mi, kí n wo sinimá látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹnikẹ́ni má rán mi níṣẹ́."

Oníbàárà mi gbé orí tó kún fún ọṣẹ sókè, ó ní àmín. Owó àjọ màmá mi ló sì wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi rà á, wọn ò tọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bá wọn délé lọ wọn ògiri. Pálọ̀ wọn ò fẹ̀. Fèrèsé kan ló ní, ó sì kọjú sí títì. Nínú gbogbo ògiri ibẹ̀, ẹyọ kan péré ni oòrùn ò ti lè bá àwòrán jà, ìyẹn èyí tó dojú kọ àga màmá mi. Wọ́n ní kí n fa kọ́tìnì. Wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri náà, wọ́n sì ní kí n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pin sí lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Mo bi wọ́n pé irú ìwọ̀n wo nìyí. Wọ́n ní ibi tí tọ́ọ̀ṣì àwọn bá dé ni ojú àwọn ń dé, bẹ́ẹ̀ ló ti rí látijọ́.

Mo fa àmì. Ìgbà náà ni mo wá rí ohun tó wà láàárín àmì méjèèjì: fọ́tò bàbá mi, èyí tí wọ́n fi gíláàsì bò, tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí a ti sìnkú wọn. Mo wo màmá mi. Wọ́n ti rí i ṣáájú mi. Wọ́n pa tọ́ọ̀ṣì, wọ́n wọlé lọ mú téèpù tí bàbá mi fi ń wọn ara àwọn oníbàárà wọn, a fi wọn àlàfo náà, màmá mi sì fi bírò fa ilà sára téèpù. 

Ta ló wá lọ sọ fún Ọ̀gá Olómi? Èmi náà ni. Mọ́tò rẹ̀ ni mo nílò láti gbé màmá dé ṣọ́ọ̀bù tẹlifíṣọ̀n, ẹnu rẹ̀ kọ́ ni mo pè, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì jọ máa ń rìn ni. Látìgbà tí a ti wọ mọ́tò ló ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní àgbàlagbà tó ń dá gbé, kí ló fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n tó tó ilẹ̀kùn ṣe? Ó ní olè máa gbọ́. Ó ní owó iná ẹ̀lẹ́tíríìkì máa pọ̀. Ó ní òun ṣe tán láti fi owó ara òun ra kékeré kan fún wọn, èyí tí ojú arúgbó ò ní máa sáré kiri lórí rẹ̀. Màmá mi fetí sí i títí ó fi mí. Wọ́n wá ní ojú tó ń darúgbó gan-an ló nílò ńlá, ọmọdé ló lè máa wo ihò abẹ́rẹ́. Ó ní tó bá bàjẹ́ ńkọ́? Wọ́n ní ẹni tó bímọ ọ̀ràn ló ń pọ̀n ọ́n, kò sẹ́ni tó ní kó fẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà tutù, ó sì mọ́lẹ̀ jù. Wọ́n to tẹlifíṣọ̀n sára ògiri láti orí kékeré dé orí ńlá, òdòdó kan náà ló sì ń tanná nínú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin kan tó wọ dígí ló ń tajà níbẹ̀. Màmá mi na téèpù sí i, wọ́n ní ohun tó gùn tó báyìí ni àwọn ń fẹ́. Obìnrin náà rọra ṣàlàyé pé láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀ ní òdìkejì ni wọ́n ti ń wọn tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ bí ẹni ń wọn ìbàdí. Màmá mi dúpẹ́, wọ́n ní kó má bínú, ẹni tó ni téèpù náà, ìbàdí ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wọ̀n. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jọ ń na téèpù mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku mẹ́ta tó lè gba ibi tí tọ́ọ̀ṣì dé.

Màmá mi wá ṣe ohun tó ya obìnrin náà lẹ́nu. Wọ́n kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n fara ti ògiri, wọ́n ká ọwọ́ mọ́yà, wọ́n sì dojú kọ àwọn tó ń kọjá.

Obìnrin náà rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n, ó fẹ́ lọ gbé àga wá. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n wà. Èmi náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń wo ohun tí wọ́n ń wò. Níwájú tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tó dúró ló ń fún ojú pọ̀, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Níwájú èkejì, wọ́n á wò ó díẹ̀, wọ́n á tún yọ fóònù wọn jáde. Níwájú ẹ̀kẹta, tó tóbi ju àwọn yòókù lọ, bàbá kan tó gbé ọmọ dání dúró. Ọmọ náà ń fa etí rẹ̀, ó tún ń ki ìka bọ̀ ọ́ nímú, bàbá náà ò mọ̀.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," màmá mi sọ fún mi.

Síbẹ̀ wọn ò tíì gbà. Wọ́n ní òdòdó kì í ṣe sinimá, kí obìnrin náà fi ibi tí ilẹ̀ ti ṣú nínú ìtàn han àwọn, kó sì bá àwọn pa iná apá ibẹ̀. Obìnrin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ń rìn lọ nínú òkùnkùn lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá náà, a rí ojú rẹ̀, a rí etí ẹ̀wù rẹ̀, òkùnkùn tó yí i ká sì dúdú dénú, kò rí bí eérú. Màmá mi yíjú padà, wọ́n sì wò ó fúnra wọn. Ojú wọn tàn bí ojú ọmọdé, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbàgbé wa. Ó ti gbé páálí kékeré kan mọ́ àyà lápá ibi tí wọ́n kọ ẹ̀dínwó sí, ó ń bọ̀ wá bá wa.

"Màámi, èyí ló dáa," ó wí. "Ó máa bá ògiri yàrá ẹ̀yìn mu rẹ́gí."

Ẹyin lohùn, tó bá ti bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Màmá mi bi í pé yàrá ẹ̀yìn wo. Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀, ó wo òrùlé, ó wo èmi, mo wò ó padà. Ló bá di pé ó ń ṣàlàyé. Ó ní òun àti ìyàwó òun ti jọ sọ ọ́, wọ́n ti tún yàrá tó wà lẹ́yìn ilé àwọn ṣe, kí màmá lè wá máa gbé níbẹ̀. Ó ní wọ́n lè fi ilé tiwọn háyà. Ó ní tí wọ́n bá ṣubú nínú ilé tí wọ́n dá wà, ta ló máa gbọ́?

Mo fẹ́ la ẹnu, màmá mi bá fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Kí n má parọ́, ó yẹ kí n sọ pé ìfẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló bá bàbá mi nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú tí wọn ò dìde mọ́, látìgbà náà ni gbogbo àgbàlagbà tó bá dá wà ti ń bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tó ń kó ẹrù ẹni láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni, mi ò mọ orúkọ tí màá fún un.

"Àwọ̀ wo lo fi kùn ún?" màmá mi bi í.

Ó ní búlúù ni.

"Ó dáa. Máa tọ́jú rẹ̀ fún àlejò." Wọ́n yíjú sí obìnrin onídígí. "Ọmọ mi, èyí tó tóbi jù yẹn ni tèmi. Ṣé ẹ máa ń bá èèyàn gbé e délé?"

Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi gbé páálí rẹ̀ padà sí ibi tó ti gbé e, a sì wọ mọ́tò lọ sílé.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n náà dé, àwọn ará àdúgbò jáde wá wò ó bí ẹni tó ń wo ìyàwó tuntun. Ọ̀kan ní ṣé ilẹ̀kùn ni. Òmíràn ní Ìyá Onítọ́ọ̀ṣì fẹ́ ṣí ilé sinimá tiwọn ni. Màmá mi ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àga ò pọ̀. Wọ́n ti pe káfíńtà tó ń gbé ní ìdojúkọ wọn kó wá kan irin mọ́ ògiri. Fúnra wọn ni màmá mi gun àpótí, tí wọ́n gbé fọ́tò bàbá mi sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí fọ́tò náà ti wà mọ́ tónítóní, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ tí ilé wa ní nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Màmá mi fi etí ìró nu gíláàsì rẹ̀, wọ́n sì gbé e jókòó sórí àga wọn bí ẹni gbé àlejò jókòó.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe bá a nígbà tó wọlé. Ó rí bàbá wa lórí àga, ó rí káfíńtà tó ń lu ògiri, ojú rẹ̀ yí padà. Gbogbo ohun tó ti gbé mì láti ọjọ́ ṣọ́ọ̀bù ló pọ̀ jáde. Ó ní ṣé ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí, kí wọ́n yọ olórí ilé kúrò lára ògiri torí àwòrán tó ń rìn? Ó ní kí ni àwọn àbúrò bàbá máa sọ? Ó ní kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tí kò ní ní Ìyá Onítọ́ọ̀ṣì ti ń ṣàrán. Káfíńtà dáwọ́ dúró, ó ń wo ojú òòlù rẹ̀.

Màmá mi ò pariwo. Wọ́n rìn lọ dúró síwájú ọmọ wọn, orí wọn ò ju àyà rẹ̀ lọ.

"Ìwọ tó fẹ́ gbé alààyè kúrò nínú ilé rẹ̀ láìbi í, ìwọ lo wá ń bínú torí mo gbé fọ́tò láti ògiri kan lọ sí ìkejì?"

Màmá mi gba ìṣó lọ́wọ́ káfíńtà, wọ́n fi ibi tí wọ́n fẹ́ hàn án, lára ògiri tó wà lẹ́yìn àga wọn, lókè orí gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé bàbá mi kọ́ sí, kí wọ́n lè dojú kọ tẹlifíṣọ̀n náà tààrà.

"Bàbá yín ti parí ìtàn fún mi tó," wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ kí àwọn náà wá fojú ara wọn rí i."

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e la wo sinimá àkọ́kọ́. Mo ṣe gúgúrú wá. Káfíńtà wá, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá ìṣó òun dúró dáadáa, ló bá jókòó, kò dìde mọ́. A fa kọ́tìnì, inú pálọ̀ ṣókùnkùn. Ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi tó kan ilẹ̀kùn. Ó ní òun ò ní pẹ́, wáyà iná ni òun kàn fẹ́ yẹ̀ wò kí ilé má lọ jóná. Màmá mi tan tọ́ọ̀ṣì síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

"O pẹ́ dé," wọ́n wí. "Ìjókòó ẹ̀yìn ló kù."

Wọ́n fi iná náà sìn ín dé orí àpótí tó wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n sì padà sórí àga wọn. Ìtàn náà dá lórí ọkùnrin kan tó jí ọkọ̀ ojú omi àbúrò rẹ̀ tà, tó sì sá lọ. Àbúrò wá ń wá a láti ìlú kan dé òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, màmá mi ò lè kọjú síbi kan. Gbogbo ìgbà ni ọrùn wọn ń yí, tí wọ́n ń wo ojú wa, tí wọ́n ń wo ọwọ́ káfíńtà bóyá sìgá ló fẹ́ yọ. Mo ní kí wọ́n wo iwájú, kò sẹ́ni tó fẹ́ jà níbí. Nígbà tó yá, ọrùn wọn dúró. Ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n náà ń tàn sí wọn lójú, ó ń kú, ó ń tàn, wọ́n sì gbàgbé gúgúrú sọ́wọ́.

Àbúrò náà wá dé etí omi kan. Ó rí ọkùnrin arúgbó kan tó kẹ̀yìn sí i, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Orin yí padà.

Màmá mi dìde.

Ẹsẹ̀ wọn wá bàtà, ọwọ́ wọn wá tọ́ọ̀ṣì, wọ́n kẹ̀yìn sí àwòrán náà, wọ́n ń lọ sí ẹnu ọ̀nà. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń lọ. Ọwọ́ wọn ti dé ara kọ́kọ́rọ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tó sọ̀rọ̀ láti orí àpótí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

"Màámi. Iṣẹ́ ti parí."

Màmá mi dúró. Wọ́n wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo ilẹ̀kùn náà bí ẹni ń wo gbèsè tí wọn ò jẹ. Wọ́n wá yí kọ́kọ́rọ́ náà síhà tí ó fi ń tì í, a gbọ́ ọ tó dún, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi í bọ àyà, wọ́n padà wá jókòó.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí òpin. Àbúrò náà rìn lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ò dá a mọ̀ mọ́. Àbúrò ò sọ ẹni tí òun jẹ́. Ó jókòó tì í, ó mú apá kan àwọ̀n náà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Sinimá parí. Omi ń dà lójú màmá mi, wọn ò nù ún. Wọ́n yí ọrùn sẹ́yìn, wọ́n gbójú sókè sí fọ́tò tó wà lórí ògiri.

"Bàbá ọmọ," wọ́n wí, "kò jìn sí kànga."

Ẹ̀rín bá pa wọ́n. Ẹ̀rín tín-ín-rín yẹn ni, èyí tó máa ń ṣáájú kẹ̀kẹ́ wọlé, mi ò tíì gbọ́ ọ láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Mo tẹ́tí sí èyí tó nípọn. Mo mọ̀ pé mi ò ní gbọ́ ọ, síbẹ̀ mo tẹ́tí. Ni mo bá bú sẹ́kún, káfíńtà sì gbé abọ́ gúgúrú sún mọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó nu ojú rẹ̀ bí ẹni pé eruku kó sí i. Ó ní ilẹ̀ ti ń ṣú, kí màmá fún òun ní kọ́kọ́rọ́. Lórí tẹlifíṣọ̀n, orúkọ àwọn èèyàn ti ń gòkè lọ, àwọn tó gbé iná, àwọn tó rán aṣọ, àwọn tó wa mọ́tò. Màmá mi ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè wọn ń mì.

"Jókòó," wọ́n wí, wọn ò wẹ̀yìn. "Orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ ṣì ń kọjá. Kò sẹ́ni tó máa lé mi dìde níbí kó tó parí."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó.